Aago Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ẹ Má Ì Tíì Fọ̀ Ọ́

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára aago olówó ńlá tí bàbá fi sílẹ̀ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀ ni. Kí ogójì ọjọ́ olóògbé tó pé, ẹnì kan nínú ẹbí á ti fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ kó lè dán, ẹlòmíì á ti ju báǹdì rẹ̀ nù nítorí pé ó ti gbó, ẹlòmíì á sì ti gbé e lọ sí Oju Ore ní Ọ̀tà kí wọ́n bá a pààrọ̀ gíláàsì tó ti họ. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó mọ aago dunjú bá máa fi rí i, ohun tí ì bá fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, tí ì bá sì fi mọ̀ bóyá ojúlówó ni, ti dàwátì.

Ẹni tó bá ti Ṣàngó wá, tó gba abẹ́ afárá, tó kọjú sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, á bá Oju Ore pàdé pẹ̀lú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ta fóònù àti àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀, àwọn tó ń tún aago ṣe wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àpótí onígíláàsì rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀bùn ńlá ni ọwọ́ wọn. Ẹni tó lè jókòó nínú eruku àti ariwo yẹn, kó tún ẹ̀rọ tí kò tó owó ẹyọ to, ó yẹ fún ọ̀wọ̀. Àmọ́ bátìrì, báǹdì àti gíláàsì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún wọn lójoojúmọ́. Aago àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún, tí kò lo bátìrì, tí iye rẹ̀ sì lè ju owó mọ́tò lọ, iṣẹ́ mìíràn ni.

Irú aago bẹ́ẹ̀ ń jáde nínú àpótí báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ láwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, àwọn tó ṣòwò kọjá ẹnubodè, àwọn tó kàwé ní Ìlú Ọba, àwọn Alhaji tó lọ sí Mẹ́kà nígbà tí owó wa ṣì lágbára, wọ́n ń dàgbà, àwọn kan sì ti lọ. Ní ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè fi owó oṣù rẹ̀ ra Omega nígbà náà láìjẹ gbèsè. Nítorí náà, ọmọ tó bá Omega nínú dúrọ́ọ̀ bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ yára sọ pé kò lè jẹ́ ojúlówó torí pé bàbá òun kì í ṣe olówó.

Kò sì gbọdọ̀ yára sọ pé ojúlówó ni torí pé wọ́n kọ orúkọ sí i lójú. Nínú gbogbo ohun tó wà lára aago, orúkọ tó wà lójú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí mo fọkàn tán kéré jù. Ọ̀dà ni. Wọ́n lè ha á kúrò, kí wọ́n tún òmíràn kọ. Ní ìlú Mumbai ní Íńdíà, iṣẹ́ òòjọ́ àwọn kan ni kí wọ́n máa tún ojú aago àtijọ́ kùn, kí wọ́n sì tò ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ ni ayédèrú kọ́ ni gbogbo aago tó níṣòro. Èyí tó le jù láti mọ̀ ni aago tí wọ́n ṣà jọ: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó láti ara aago kan, ara rẹ̀ jẹ́ ojúlówó láti ara òmíràn, ojú rẹ̀ sì ti ibòmíì wá.

Ẹni tó bá rò pé aláìmọ̀kan nìkan ni wọ́n ń fi èyí tàn jẹ, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Geneva. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé ìgbánjo Phillips ta Omega Speedmaster kan tí wọ́n ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣe é. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland lọ. Ilé iṣẹ́ Omega fúnra rẹ̀ ló rà á fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Ní ọdún 2023, Omega jáde wá sọ pé ẹ̀yà ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ ṣe é, pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mẹ́ta ló lọ́wọ́ sí i, tí ẹni tó jẹ́ olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà lára wọn. Àwọn tó ṣe aago fúnra wọn ni wọ́n tà á fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dájọ́. Ibi tí ẹ́ńjìnnì, ara, ojú, báǹdì àti ìwé bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú Omega kan bí àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1970. Ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó máa fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ṣí, àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ máa rí: ẹ́ńjìnnì Omega ìgbà yẹn máa ń pọ́n bíi bàbà, àwọ̀ náà sì dọ́gba jálẹ̀. Orúkọ Omega wà lára irin náà, wọ́n gbẹ́ ẹ sí i ni, wọn kò kùn ún. Nọ́ńbà irú ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀, iye òkúta tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì méje tàbí mẹ́jọ. Nọ́ńbà gígùn yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí. Èyí tó bá wà ní nǹkan bíi 10,000,000, àárín ọdún 1940 sí 1949 ló ti wá. Èyí tó bá tó 20,000,000, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 ni. Nígbà tó fi máa di 30,000,000, ọdún 1970 ti wọlé. Ọdún kan tàbí méjì lè fi yẹ̀, nítorí pé ìpele-ìpele ni wọ́n ń pín nọ́ńbà náà fún oríṣi ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yí ìdérí tí wọ́n ṣí náà padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Nọ́ńbà irú ara aago wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu. Bó bá jẹ́ Constellation ni wọ́n kọ sójú rẹ̀, ọdún 1952 ni Omega bẹ̀rẹ̀ sí í ta orúkọ yẹn, nítorí náà nọ́ńbà ọdún 1946 kò lè wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn aago Constellation, àwòrán ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ máa ń wà níbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́jọ sì máa ń wà lókè rẹ̀. Ẹ kà á. Nínú ìdérí yìí kan náà, ẹ tún lè rí ilà tín-ín-tín tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ kọ: lẹ́tà méjì, déètì, nọ́ńbà. Àwọn tó tún aago náà ṣe láyé àtijọ́ ló fi í sílẹ̀. Déètì tí oníṣẹ́ kan kọ síbẹ̀ ní ọdún 1968 jẹ́ ẹ̀rí pé aago náà ti wà kí ọdún 1968 tó parí. Ẹni tó bá fi nǹkan ha inú ìdérí kó lè mọ́ ti pa ẹ̀rí náà rẹ́.

Ti Rolex yàtọ̀. Láyé àtijọ́, àárín ẹsẹ̀ aago, níbi tí báǹdì ti wọ ara rẹ̀, ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ báǹdì kí ẹ tó rí i. Lápá òkè, níbi nọ́ńbà 12, nọ́ńbà irú aago ló wà níbẹ̀. Lápá ìsàlẹ̀, níbi nọ́ńbà 6, nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an ni. Ilà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ mú, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ẹ bá yí i lábẹ́ iná. Ti ayédèrú sábà máa ń rí ṣákaṣàka bí ohun tí ásíìdì jẹ. Nọ́ńbà náà ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mílíọ̀nù kan ní nǹkan bíi ọdún 1953 sí 1954, Rolex sì bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ padà. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà lè tọ́ka sí ọdún méjì tó jìnnà síra wọn. Ohun tó ń yanjú èyí ni inú ìdérí ẹ̀yìn: láti nǹkan bíi ọdún 1953 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, Rolex máa ń tẹ ìdá mẹ́rin ọdún àti ọdún sí i, bí àpẹẹrẹ III 55, tó túmọ̀ sí ìdá kẹta ọdún 1955. Ní ọdún 1987, wọ́n fi lẹ́tà ṣíwájú nọ́ńbà, R ló ṣáájú. Láti ọdún 2010, wọ́n dà á rú pátápátá, kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà nìkan mọ ọdún mọ́.

Ọ̀pọ̀ òfin tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ní ọjà nípa Rolex kò tọ̀nà. Wọ́n ní bí ọ̀pá ìṣẹ́jú-àáyá bá ń fò kọ̀ọ̀kan dípò kó máa yọ́ lọ, ayédèrú ni. Rolex ṣe aago oníbátìrì tí wọ́n pè ní Oysterquartz láti ọdún 1977, ó sì ń fò kọ̀ọ̀kan, ojúlówó sì ni. Wọ́n ní bí gíláàsì rẹ̀ bá jẹ́ ike, ayédèrú ni. Ike ni Rolex lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé òkúta sàfáyà gba ipò rẹ̀, nítorí náà ike tó họ lórí aago ọdún 1965 jẹ́ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Òfin kan wà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹnu wọn kì í dé ibẹ̀: Day-Date, èyí tó máa ń kọ orúkọ ọjọ́ ní kíkún lókè, tí àwọn ọlọ́lá wa fẹ́ràn, wúrà tàbí platinum ni wọ́n fi ń ṣe é fún títà láti ọdún 1956 tó ti jáde. Bí ti yín bá jẹ́ irin funfun lásán, tàbí tí wúrà ojú rẹ̀ ti ṣí tí irin sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn mú yín.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá jogún aago wò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn: etí ìsàlẹ̀ ojú aago, lábẹ́ nọ́ńbà 6. Ọ̀rọ̀ kékeré ló wà níbẹ̀, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kà á. Lára Rolex, bó bá jẹ́ SWISS nìkan, tí ara aago náà sì jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú àárín ọdún 1960 sí 1969, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rádíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kun ojú rẹ̀ kó lè máa tàn lóru. Bí lẹ́tà T bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, trítíọ́ọ̀mù ni, èyí tí wọ́n lò títí di nǹkan bíi ọdún 1998. Nígbà tó yá, SWISS MADE ló gba ibẹ̀. Ìdajì agbára trítíọ́ọ̀mù máa ń lọ ní ọdún 12 àti oṣù díẹ̀, nítorí náà aago ọdún 1970 tí ojú rẹ̀ kò tàn mọ́ kò bàjẹ́. Bó bá ń tàn yanranyanran, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè ẹni tó tún un kùn.

Ti rádíọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ìtànṣán rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀: ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta ọdún ni kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1917, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú aago, tí wọ́n sì ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà, ni eegun àgbọ̀n wọn jẹrà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Ẹni tó wọ aago náà sọ́wọ́, tí gíláàsì rẹ̀ sì wà ní pípé, kò sí nínú irú ewu yẹn. Ẹni tó ṣí i tó sì ń ha ọ̀dà àtijọ́ náà kúrò, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń fẹ́ wọ imú rẹ̀ níbi tó jókòó sí, òun ni mo ń bẹ̀. Ẹ̀yin tó ń tún aago ṣe ní Oju Ore àti níbi gbogbo, ẹ má ha ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lójú aago àtijọ́, ẹ má sì fẹ́ ẹ lẹ́nu.

Bí ara aago bá jẹ́ wúrà, òǹtẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. 750 ni wúrà kárátì 18, 375 ni ti kárátì 9. Òǹtẹ̀ orí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Helvetia, ni Switzerland fi ń tẹ wúrà kárátì 18 títí di ọdún 1995, orí ajá ló sì gbapò rẹ̀. Àwọn tí bàbá wọn ra aago ní Ìlú Ọba ní àǹfààní kan tí àwọn mìíràn kò ní: òfin ibẹ̀ nígbà náà ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí wúrà tó bá wọ̀lú, lẹ́tà kan sì wà lára òǹtẹ̀ náà tó dúró fún ọdún. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà náà ti mọ ọdún, láìṣí ẹ́ńjìnnì rárá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti bá Omega tàbí Rolex. Seiko ni ọ̀pọ̀ máa bá, ó sì rọrùn ju gbogbo wọn lọ. Ẹ wo nọ́ńbà tó ní díjíìtì mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn rẹ̀. Díjíìtì àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún, èkejì ni oṣù, O dúró fún oṣù kẹwàá, N fún oṣù kọkànlá, D fún oṣù kejìlá. 8D lè jẹ́ oṣù kejìlá ọdún 1968, 1978 tàbí 1988. Nọ́ńbà irú ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn aago náà ló máa sọ èwo nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tó kù kò sí lára aago, inú ilé ló wà. Fọ́tò ìgbéyàwó tí aago náà hàn lọ́wọ́ bàbá, tí déètì wà lẹ́yìn rẹ̀. Rìsíìtì tó ti pọ́n, bóyá láti Kingsway ní Marina tàbí láti UTC. Páálí rẹ̀, ìwé kékeré tó bá a wá, àní ẹ̀yọ báǹdì tí wọ́n yọ nígbà tí ọwọ́ bàbá rù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago náà wà lára ẹ̀rí, bí orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n fi ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n ha irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò kí aago lè rí bíi tuntun. Rolex Daytona tí ìyàwó òṣèré Paul Newman fún un, ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sẹ́yìn rẹ̀ pé kó rọra máa wakọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n tà á ní New York ní iye tó ju mílíọ̀nù 17 dọ́là lọ. Irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà. Ẹni tó ni ín, àti ẹ̀rí pé òun ló ni ín lóòótọ́, ni wọ́n san owó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ogún wá kù. Aago kò ṣeé dá sí méjì. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tó sì parí ní ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà pínpín ogún nílẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń kà, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí, ìyẹn kíka iye ọmọ, bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé ni gbogbo ènìyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Aago ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àkọ́bí ọkùnrin á wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan máa gbọ́ iye tó lè tó. Ọ̀rọ̀ á wá di pé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹbí mọ ohun tí aago jẹ́ kí wọ́n tó pín ohunkóhun, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àwọn ohun ìní tó kù. Ẹni tí wọ́n bá fún á gbà á pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo ilé.

Bí aago bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ibi tí báǹdì ti ń pa dé. Ẹ má yí orí rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ bó bá ti wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òróró inú rẹ̀ ti gbẹ, irin á sì máa jẹ irin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dán ara rẹ̀. Etí tó mú lára ẹsẹ̀ aago, bó bá ti di rọ́bótó, kò ṣeé dá padà, àwọn tó ń ra aago àtijọ́ sì ń kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni láàyè láti tún ojú rẹ̀ kùn. Ẹni tó bá ní Rolex lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ní Victoria Island, kí wọ́n ṣí i lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín ní Oju Ore tó sì ń kánjú, tó ní òun ò nílò láti rí inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣì wà láyé, iṣẹ́ yín rọrùn jù. Ẹ jókòó tì wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ra aago náà, ọdún wo, èló, àti ta ló ti tún un ṣe rí. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú páálí aago.